Alùpùpù mi ń mu epo jù, ràlántí rẹ̀ kò sì dúró sójú kan: ṣé kábúrétọ̀ ni?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìmúra ọ̀sẹ̀ tuntun. Olùkọ́ ni mí. Àjàṣẹ́ ni ilé mi wà, ṣùgbọ́n Ìtàkétè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà alùpùpù mi a máa rin 60 kìlómítà ó lé díẹ̀ lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Ẹ́ńjìnnì 125 ni ó ní, irú èyí tí wọ́n ṣe ní China ní àfarawé CG ti Honda; àlòkù ni mo rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, n kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Ẹ̀sùn méjì ni mo ní. Èkíní, epo rẹ̀ ń tán wàràwàrà. Mo fa gbogbo epo inú táńkì rẹ̀ tán, mo bu lítà kan péré sí i, kìlómítà 27 ni ó sì rìn kí ó tó kú, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tí ó ní irú rẹ̀ gan-an ń rin 40 lórí ọ̀nà kan náà. Èkejì, ràlántí rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń mí nígbà tí mo bá dúró tí n kò fọwọ́ kan ọwọ́ iná tí a ń yí kí ó lè sáré, kò dúró sójú kan: ó lè rọlẹ̀ títí tí yóò fi kú, ó sì lè jẹ́ pé mo ti jọ̀wọ́ ọwọ́ iná tán, tí yóò ṣì máa han gooro fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ni ó fi sìkúrùdíráfà yí sìkúrù kan lára kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, tí ó tẹ́tí, tí ó ní ó ti tán, tí ó gba owó. Kí ọjọ́ méjì tó pé, a ti padà sí ibi tí a ti kúrò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó kpayo, epo ẹ̀bá ọ̀nà tí ń ti Nàìjíríà wọlé, ti dà láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Owó oṣù olùkọ́ kò lè gbé e. Ta ni ó lè ṣàlàyé fún mi bí a ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe ní ti òdodo?

Zémì Ṣábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, aago 9:15 alẹ́)

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun zémì, alùpùpù akérò, ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yín kò sì ṣàjèjì sí mi. Ẹ yí sìkúrù ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ náà wọlé díẹ̀díẹ̀, epo yóò dínkù. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ ra jẹ́ẹ̀tì ńlá, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti inú rẹ̀. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní gicleur. 105 ni tèmi tẹ́lẹ̀. Mo fi 90 rọ́pò rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, àpò mi sì mọ ìyàtọ̀.

Ẹlẹ́ńjìnnì Kétu (Ọjọ́ Àìkú, aago 10:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣábẹ̀ẹ́, mo júbà yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dá ọwọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ "yí i wọlé" yìí, nítorí òun gan-an ni ó ń kó alùpùpù wá bá mi jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu. Oríṣi méjì ni sìkúrù tí a ń sọ yìí, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Bí ó bá wà ní ìhà asẹ́ afẹ́fẹ́, ìyẹn kí a tó dé ibi ìdérí roboto tí wáyà ọwọ́ iná ń fà sókè, afẹ́fẹ́ ni ó ń bójú tó: bí a bá yí i wọlé, afẹ́fẹ́ ni ó dínkù, epo yóò sì wá pọ̀ jù. Bí ó bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, epo ni ó ń bójú tó: bí a bá yí i wọlé, epo ni ó dínkù. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ibi tí sìkúrù náà wà, tí ó kàn ń yí i, ńṣe ni ó ń ta ayò láìwo ọpọ́n.

Ohun kejì ni pé sìkúrù náà kò lágbára kọjá ràlántí àti ìgbà tí ọwọ́ iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, kí a sọ pé dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti ibẹ̀ lọ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ ìdérí roboto náà ni ó ń pinnu iye epo tí yóò wọlé. Ìgbà tí a bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí i tán pátápátá ni agbára tó bọ́ sọ́wọ́ jẹ́ẹ̀tì ńlá. Olùkọ́ tí ó ń rin ọ̀nà Ìtàkétè ní 50 tàbí 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ekukáká ni ọwọ́ iná rẹ̀ yóò fi kọjá ààbọ̀. Nítorí náà, ibi tí epo yín ń gbà lọ kọ́ ni mẹkáníìkì yín ń yí.

Kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ìhà wo ni sìkúrù tiyín wà? Àwọ̀ wo ni búùjì, èyí tí ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì, ní lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn jìnnà, kì í ṣe lẹ́yìn tí alùpùpù bá ti dúró tí ó ń mí? Asẹ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ǹjẹ́ ṣóòkì, èyí tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ń padà dé ààyè rẹ̀? Ẹ tún gbé alùpùpù náà nàró kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, nítorí mo ti rí ẹni tí ó fi oṣù mẹ́ta da kábúrétọ̀ láàmú nígbà tí ó jẹ́ pé bíréèkì ni ó ń há táyà mọ́lẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 6:50 alẹ́)

Ọ̀gá, ẹ ṣeun púpọ̀. Sìkúrù náà wà ní ìhà asẹ́ afẹ́fẹ́. Táyà ẹ̀yìn ń yí geerege, ṣóòkì sì ń padà. Fóòmù ni asẹ́ afẹ́fẹ́ náà; nígbà tí mo yọ ọ́, eruku pupa ti dì mọ́ ọn débi pé mo lè fi èékánná ha á. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á, mo sì tún fún un kí òróró má baà máa kán nínú rẹ̀.

Ní ti búùjì, mo ń ti Ìtàkétè bọ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà kí n tó wọ ìlú, mo dúró kí ó tutù díẹ̀, mo sì tú u níbẹ̀. Dúdú ni, dúdú tí ó gbẹ bí ti ìdí ìkòkò. Mo fi ìka pa á, ó sì ṣí. Kò ní òróró lára.

Ohun tí kò yé mi ni pé búùjì dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí mo kà ní èdè Faransé ń sọ pé ràlántí tí kò tètè sọ̀kalẹ̀ jẹ́ àmì pé epo kéré jù. Báwo ni nǹkan kan ṣoṣo ṣe lè yó, kí ebi sì tún máa pa á?

Ẹlẹ́ńjìnnì Kétu (Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 alẹ́)

Inú ìbéèrè yín gan-an ni ìdáhùn wà. Àìsàn méjì ni ó ń ṣe é, ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Mo fura pé afẹ́fẹ́ ń jò wọlé láàárín kábúrétọ̀ àti orí ẹ́ńjìnnì. Ike dúdú kan wà níbẹ̀, òrùka rọ́bà sì wà ní ojú rẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì a máa sọ rọ́bà náà di líle, a sì máa sán. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé kò kọjá nínú kábúrétọ̀, nítorí náà kò fa epo kankan dání. Nígbà tí ọwọ́ iná bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń rí fà kéré, ìjò kékeré yẹn yóò sì di ńlá lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ràlántí fi ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ iná bá ṣí, afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ojú ọ̀nà wọlé pọ̀ débi pé ìjò náà kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti rí i pé ó ń wúkọ́ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, kí wọ́n sì ti bá a gbé abẹ́rẹ́ sókè kí epo lè pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà Ìtàkétè ni ẹ ti ń san owó ìtọ́jú náà lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń dán ìjò wò nìyí: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ máa kán an sí ojú ìsopọ̀ náà nígbà tí ó ń mí. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí ẹ rí i tí ìfófòó ń wọlé, ìjò wà níbẹ̀. Àwọn kan a máa fi epo ṣe é. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni, iná kò sì mọ olùkọ́ yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:20 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fo epo fúnra rẹ̀ dá. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Wàǹdó ni mo ti máa ń ra kpayo tèmi. Ní oṣù tó kọjá, alùpùpù mi ń wúkọ́ bí ẹni tí ata sá sí lọ́fun. Ọmọ mi tú sìkúrù kékeré tí ó wà ní ìdí ìkòkò kábúrétọ̀, ó sì gbe epo náà sínú ìgò funfun. A kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí omi fi dá dúró ní ìsàlẹ̀ ìgò, tí epo sì léfòó lé e lórí. Omi náà ga tó ìbú ìka. Asẹ́ kékeré tí ó wà lójú páìpù epo kò lè dá omi dúró. Láti ìgbà náà, mo máa ń jẹ́ kí epo dúró jẹ́ẹ́ nínú ìgò mọ́jú, màá sì ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìdí ìgò nígbà tí mo bá ń dà á sí táńkì.

Zémì Ṣábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:10 alẹ́)

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀gá Kétu, mo sì gbà pé mo ṣìnà lórí sìkúrù. Ṣùgbọ́n lórí jẹ́ẹ̀tì, ojú mi ni mo fi rí i. Kìlómítà márùn-ún ni mo jèrè lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé báyìí, ẹ́ńjìnnì mi kò sì tíì kú.

Ẹlẹ́ńjìnnì Kétu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:45 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, n kò pè yín ní òpùrọ́. Epo bẹntiróòlù kílò kan nílò afẹ́fẹ́ tí ó tó kílò 14.7 kí ó tó lè jóná tán láìṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá dín epo kù díẹ̀ síi yóò rí èrè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n epo tí ó kéré jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ru ẹrù a máa dá ooru ńlá sílẹ̀ lórí pístínì. Ẹ̀yin kò dà bí olùkọ́ wa. Ẹ̀yin ń gbé èrò pẹ̀lú àpò ẹrù lórí ilẹ̀ olókè, ọwọ́ iná yín a sì máa ṣí tán. Ibẹ̀ gan-an ni jẹ́ẹ̀tì ńlá ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ sì ti ń fi ebi pa á. Pístínì kan wà lórí tábìlì mi nísinsìnyí tí ihò rẹ̀ gba ìka mi. Ẹni tó ni ín náà fi jẹ́ẹ̀tì kékeré jèrè fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ gun òkè kan pẹ̀lú ẹrù, kí ọwọ́ iná ṣí tán. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ó bá sì ti tutù tó ohun tí ó ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ tú búùjì wò. Bí ó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, èmi ni mo jẹ̀bi. Bí ó bá funfun bí efun, ẹ dá jẹ́ẹ̀tì yín padà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dín epo kù lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ẹ má fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti tú u. Ṣùgbọ́n kí n tó tú u, mo kán omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ náà láti òkè, kò sí nǹkan kan. Mo kán an láti ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì sọ̀kalẹ̀ lójijì bí ẹni tí a di ẹnu mọ́, ìfófòó mẹ́ta sì wọlé lójú mi. Nọ́ọ̀tì méjì péré ni ó di kábúrétọ̀ mú. Òrùka rọ́bà náà ti di pẹlẹbẹ, ó le bí ike, nígbà tí mo sì tẹ̀ ẹ́ ó kán sí méjì. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù mú tuntun fún mi láàárín ọ̀pọ̀ èyí tí ó kó sínú agolo. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí a fi ń jẹun ọ̀sán.

Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ lórí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Ìlà márùn-ún ni wọ́n gé sí orí rẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni kílíìpù náà sì wà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ sókè débi tí kò tún lè lọ mọ́. Ní ti jẹ́ẹ̀tì kékeré, èyí tí ó wà fún ràlántí, mo gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá nínú rẹ̀ kò sì tó orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ohun kan tí ó dà bí òdà àwọ̀ ewé ni ó há sínú rẹ̀. Àbúrò mi ti ń wá wáyà tí yóò fi gún un, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mo ti kà á pé wáyà a máa fẹ ihò náà. Mo rẹ ẹ́ sínú epo mímọ́ mọ́jú, mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì mọ́ roro.

Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí aṣọ funfun níwájú mi. Báwo ni kí n ṣe tò ó padà?

Ẹlẹ́ńjìnnì Kétu (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, ó kù díẹ̀ kí n gbà yín sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi kílíìpù sí ìlà àárín, ìyẹn ìlà kẹta. Ẹ rántí pé bí kílíìpù bá ń gòkè, abẹ́rẹ́ ń sọ̀kalẹ̀, epo sì ń dínkù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó ti ṣi èyí mú. Nígbà tí ẹ bá ń dé nọ́ọ̀tì méjèèjì náà padà, ẹ máa fún wọn ní ìdọ́gba, nítorí bí ẹ bá fún ọ̀kan pa kí ẹ tó dé èkejì, ojú kábúrétọ̀ yóò wọ́, ìjò yóò sì padà wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí sìkúrù afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ilẹ̀, ẹ má fún un, kí ẹ sì yí i jáde ní ìyípo kan ààbọ̀. Ẹ rìn ín fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó gbóná dáadáa. Nígbà náà, ẹ fi sìkúrù ńlá, èyí tí ń ti ìdérí roboto náà lẹ́sẹ̀, gbé ràlántí ga díẹ̀. Kí ẹ máa yí sìkúrù afẹ́fẹ́ jáde ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo, kí ẹ dúró díẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ yóò máa lọ sókè, yóò dé ibi kan tí yóò mọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ẹ padà sí ibi tí ó ti mọ́ jù. Ẹ wá fi sìkúrù ńlá rọ ràlántí náà sílẹ̀ sí nǹkan bí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ kò bá ní aago tí ó ń ka ìyípo, etí yín ti tó: kí iná iwájú má ṣe máa ṣẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì má sì máa kérora.

Bí ibi tí ó ti mọ́ jù bá jẹ́ pé sìkúrù kò tíì jáde tó ààbọ̀ ìyípo, jẹ́ẹ̀tì kékeré ṣì dí tàbí ó kéré jù. Bí ó bá kọjá ìyípo mẹ́ta, ó tóbi jù.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́bọ̀, aago 7:25 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo fẹ́ wọn epo náà ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyípo kan àti díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ibi tí ohùn rẹ̀ ti mọ́ jù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ràlántí dúró gírígírí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ọwọ́ iná lójijì, ó ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó gbéra. Mo ronú pé epo kò tètè tó o, mo sì yí sìkúrù afẹ́fẹ́ wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo. Ikọ́ náà lọ. Lítà kan gbé mi rin 38 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 39 lọ́jọ́ Rú, ó sì tún jẹ́ 39 lónìí. Ìdí búùjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìyàwó mi ní òun kò gbóòórùn epo lára aṣọ iṣẹ́ mi mọ́, ohun tí èmi fúnra mi kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́ńjìnnì Kétu (Ọjọ́bọ̀, aago 8:00 alẹ́)

Ẹ gbọ́ ikọ́ náà, ẹ sì dá a lóhùn fúnra yín. Èyí wù mí ju kìlómítà lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ má sì yà á lẹ́nu bí ó bá fẹ́ ṣóòkì pẹ́ díẹ̀ láàárọ̀: afẹ́fẹ́ tútù kì ju ti ọ̀sán lọ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fọwọ́ kan sìkúrù.

Zémì Ṣábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:05 alẹ́)

Ọ̀gá, mo ti gun òkè náà. Mo pa ẹ́ńjìnnì lókè bí ẹ ti wí, èrò tí mo gbé sì bèèrè bóyá epo ti tán ni. Funfun ni búùjì náà, ó tilẹ̀ ti ní àwọn tóótòòtó kékeré lẹ́nu. Mo ti wá 105 mi rí nínú àpótí, mo ti dá a padà, mo sì gbé kílíìpù abẹ́rẹ́ gòkè ní ìlà kan. Kìlómítà méjì péré ni mo pàdánù nínú márùn-ún tí mo ń yangàn lé lórí. Òkè kan náà tí mo máa ń fi jíà kejì gùn, jíà kẹta ni mo fi gùn ún láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú èrò kan àti àpò gàrí rẹ̀.